Ẹ Gbé Ìwé Yín Dé Ìdí Òṣùwọ̀n

   Mo gbọ́ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ Odòde ní Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Ondo, ẹ̀yin tí ẹ ti rí ìwé ìgbàwọlé yunifásítì gbà àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń retí èsì JAMB, ló fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso òwò, èyí tí ẹ ń pè ní Business Admin. Inú mi dùn sí i, mo sì ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ lórí rẹ̀: ẹ má ṣe pa òwò ìlú yín tì kí ẹ tó lọ kọ́ nípa òwò. Ọdún mẹ́rin ni olùkọ́ yóò fi máa bá yín sọ̀rọ̀ ọjà, èrè, àdánù, òṣìṣẹ́ àti ìwé owó. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti wà ní Odòde kí wọ́n tó bí yín. Ẹni tó bá ń gbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì wá sí ìdí òṣùwọ̀n kòkó, tó sì ń gbé ìbéèrè ìdí òṣùwọ̀n padà sí kíláàsì, òun ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ yóò wúlò fún.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ káràkátà àti ìṣirò owó nílé ẹ̀kọ́ girama, mo sì ń dá oko kòkó títí di òní. Mo ti rí ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí tó dára wálé, tí kò lè sọ fún ìyá rẹ̀ bóyá èrè ni ìyá náà ń jẹ tàbí owó ìdókòòwò ló ń ná díẹ̀díẹ̀. Ọjà yẹn náà ni ìyá fi rán an níwèé. Mo sì ti rí ọmọ tó jẹ́ pé láti ìpele 200 ló ti ń bá bàbá rẹ̀ to ìwé owó oko, tí ilé wọn kò sì yá owó elélé mọ́ láti ìgbà náà. Ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì kà. Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé bá gun igi kò lè rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá yín sọ ọ́.

Ẹ má tijú ẹ̀kọ́ tí ẹ gbà

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò yan ẹ̀kọ́ yìí. Àkáǹtì tàbí ìmọ̀ òfin lẹ kọ sílẹ̀, máàkì yín kò tó, ni ilé ẹ̀kọ́ bá fi Business Admin rọ́pò. Ẹ wá wọlé pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì, bí ẹni tí wọ́n fún ní àṣẹ́kù oúnjẹ. Ẹ gbé ojú yín sókè. Ẹ̀kọ́ tí ẹ gbà yìí ti ọwọ́ àwọn oníṣòwò wá, kò sì sí ìlú tí kò nílò rẹ̀.

Lọ́dún 1494, ní Venice nílẹ̀ Ítálì, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Luca Pacioli tẹ ìwé ìṣirò kan jáde. Nínú ìwé náà ló ti ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò Venice ṣe ń kọ gbogbo òwò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ohun tó wọlé àti ohun tó jáde lè bára wọn dọ́gba. Òun kọ́ ló dá ọgbọ́n yẹn sílẹ̀. Àwọn ọlọ́jà ti ń lò ó kí ó tó kọ ọ́. Henri Fayol, tí ẹ óò bá orúkọ rẹ̀ pàdé ní ìpele àkọ́kọ́, ẹnjiníà ìwakùsà ni nílẹ̀ Faransé. Láti 1888 ló ti wà nípò ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ìwakùsà ńlá kan, iléeṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dẹnu kọlẹ̀ nígbà tó gbà á, kí ó tó tẹ ìwé tó gbé ìlànà ìṣàkóso mẹ́rìnlá jáde ní 1916. Ìrírí ẹnu iṣẹ́ ló sọ di ìwé. Nígbà tí Joseph Wharton, oníṣòwò irin ní Amẹ́ríkà, fi owó rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ òwò sílẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania ní 1881, ohun tó fẹ́ ni kí ọ̀dọ́ kọ́ ọgbọ́n òwò tọkàntọkàn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìmọ̀ òfin àti ìṣègùn.

Ìtàn yìí ní ohun tó ń kọ́ wa. Ọjà ló ṣáájú, ìwé ló tẹ̀ lé e. Ọmọ tó bá wá láti ìlú tí wọ́n ti ń ṣòwò, tó mọ ohùn òwò, tó mọ bí ènìyàn ṣe ń dúnàádúrà, ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní kí ó tó jókòó sí kíláàsì.

Ẹni tó so ìwé àti kòkó pọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan tí gbogbo yín mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí púpọ̀ yín kò mọ apá ibí yìí nínú ìgbésí ayé rẹ̀. Kí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó di agbẹjọ́rò, kí ó tó di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, oníṣòwò kòkó ni. Ó ti ṣe akọ̀wé ní Wesley College ní Ìbàdàn, ó kọ́ títẹ̀wé àti ìwé kíkọ kíákíá, ó ṣe oníròyìn, lẹ́yìn náà ló bọ́ sídìí òwò kòkó àti ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ṣe akọ̀wé fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò irè oko ní Nàìjíríà.

Àkókò yẹn le fún ẹni tó ń ra kòkó. Ní 1937, àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fẹnu kò lórí iye tí wọ́n máa rà á, kí wọ́n má baà bá ara wọn du ọjà. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n di kòkó wọn mú títí di oṣù kẹrin 1938, tí ìjọba ìlú ọba fi rán ìgbìmọ̀ Nowell wá wádìí ọ̀rọ̀ náà. Iye kòkó já wálẹ̀ nígbà náà, ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì kó sí gbèsè. Awólọ́wọ̀ náà wà lára àwọn tí gbèsè bá.

Ẹ wo ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà nígbà náà. Ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé nílé, ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà ló ń kà ní Ìbàdàn, ó sì gba oyè B.Com. ní 1944, kí ó tó wọkọ̀ ojú omi lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Ọkùnrin tó ní aya àti ọmọ, tí òwò ti já a kulẹ̀ rí, ló jókòó ti ìwé ètò ọrọ̀ ajé àti ìṣirò owó láìsí olùkọ́ níwájú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, owó kòkó wà lára ohun tó gbé e ró. Ó ti mọ kòkó ní ìdí òṣùwọ̀n, ó mọ̀ ọ́n nínú ìwé, ó sì mọ̀ ọ́n nínú ìṣúná ìjọba. Bàbá mi wà lára àwọn àgbẹ̀ tí kòkó wọn sanwó ẹ̀kọ́ yẹn, èmi sì wà lára àwọn ọmọ tó jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ẹ má sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Ní Ìlárá-Mọ̀kín tó wà nítòsí Àkúrẹ́ ni wọ́n ti bí Olóyè Michael Adé-Òjó ní 1938. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso òwò ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, ó sì jáde ní 1965. Lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ńlá, tó rí bí wọ́n ṣe ń ta ọjà, ó dá iléeṣẹ́ Elizade sílẹ̀ ní 1971, ó sì di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ń ta ọkọ̀ Toyota ní Nàìjíríà. Nígbà tó yá, ó kọ́ yunifásítì sí ìlú tí wọ́n ti bí i. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Ondo bíi tiyín ni, ẹ̀kọ́ tí ẹ̀ ń kọ́ yìí náà ló sì kọ́.

Ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ ká ṣírò

Ohun tó ń lé púpọ̀ nínú yín sá ni ìṣirò. Ẹ ti gbà lọ́kàn yín pé Business Admin jẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, pé bí ènìyàn bá ti lè há ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sórí, ó ti yege. Ẹ jẹ́ kí n fi kòkó hàn yín pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ká ní ẹ ra tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn kílò 1,000, lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní 5,000 náírà lórí kílò kan. Mílíọ̀nù márùn-ún náírà ni ẹ ná. Oníṣòwò ńlá kan ní Àkúrẹ́ ti ṣèlérí pé òun yóò rà á ní 5,200. Ẹni tó bá fi orí ahọ́n ṣírò á ní èrè òun jẹ́ 200,000 náírà. Ṣùgbọ́n kòkó tí ẹ rà kò gbẹ tó. Omi inú rẹ̀ jẹ́ 12 nínú ọgọ́rùn-ún, oníṣòwò ńlá kò sì ní gbà á àfi bí ó bá gbẹ dé 7.5. Nínú kílò 1,000 yẹn, omi kó 120, ojúlówó kòkó jẹ́ 880. Bí ẹ bá sá a, 880 yìí kò ní dín, ṣùgbọ́n òun ni yóò wá jẹ́ 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó kù. Ẹ fi 0.925 pín 880, ẹ óò rí i pé nǹkan bí kílò 951 ni ẹ máa gbé dé Àkúrẹ́. Ẹ sọ 951 di ìlọ́po 5,200, yóò fún yín ní 4,945,200 náírà. Ẹ ti pàdánù 54,800 náírà kí a tó ka owó ọkọ̀, owó alábàárù, owó àpò, àti èlé orí owó tí ẹ yá.

Àwọn ìyá àti bàbá tó ń ra kòkó ní Odòde mọ èyí láìsí ìwé kankan. Wọ́n á ti ọwọ́ bọ inú àpò, wọ́n á fi ìka fọ́ hóró, wọ́n á gbọ́ bí ó ṣe ń dún, wọ́n á sì sọ iye tí wọ́n máa yọ kúrò. Ọ̀wọ̀ ńlá ni mo ní fún ìmọ̀ yẹn. Iṣẹ́ tiyín ni láti sọ ọ́ di nọ́ńbà tí a lè kọ sínú ìwé, tí báǹkì lè kà, tí ọmọ lè jogún. Bí ọgbọ́n ọwọ́ wọn bá pàdé ọgbọ́n ìwé yín, àdánù yóò dínkù fún àgbẹ̀ àti fún oníṣòwò.

Bákan náà ni sítátísíìkì tí ẹ ń sá fún. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ bí kòkó ṣe dára tó, hóró 300 ni wọ́n máa ń mú láti inú oríṣiríṣi àpò, tí wọ́n á là sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó bu bá ju mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò lè wọ ipò kìíní. Bí èyí tí kò kan dáadáa bá ju mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò lè wọ̀ ọ́ bákan náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yín ìdí tí wọn kò fi mú gbogbo 300 láti inú àpò kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí ẹ bá mọ ìdáhùn yẹn dunjú ni sítátísíìkì ti wọ̀ yín lára.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé náà. Ní 2024, iye kòkó lọ́jà àgbáyé fò kọjá 12,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, nígbà tó jẹ́ pé ní ọdún méjì ṣáájú, nǹkan bí 2,500 dọ́là ni. Ojú ọjọ́ tí kò dára àti àrùn tó kọlu igi kòkó ní Ivory Coast àti Gánà ló fà á, nítorí orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí ló ń mú ohun tó ju ìdajì kòkó àgbáyé wá. Ní àkókò kan náà, láti oṣù kẹfà 2023, iye náírà sí dọ́là ti já wálẹ̀ gidigidi. Ohun méjì yìí para pọ̀, owó wọ Odòde bí a kò ṣe rí i rí. Àwọn kan kọ́lé, àwọn kan ra ọkọ̀, àwọn kan gba oko oníyelówó lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí 2025 fi máa parí, iye náà ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Ẹni tó rò pé bí ọjà ṣe rí ní 2024 ló máa rí títí láé ni gbèsè bá nílé. Ọmọ tó mọ ìdí tí iye fi ń gòkè tó sì fi ń sọ̀ kalẹ̀ ì bá ti kìlọ̀ fún bàbá rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ òfin òwò yóò kọ́ yín ní ohun tó ń jẹ́ àdéhùn. Ní ìlú yìí, oníṣòwò máa ń fún àgbẹ̀ lówó sílẹ̀ kí kòkó tó pọ́n, àgbẹ̀ kan á sì tún ta á fún ẹlòmíràn, ìjà á dé, ọ̀rẹ́ á bàjẹ́. Ìwé àdéhùn kékeré kan pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì ì bá ti pa ìjà náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ óò sì kọ́ nípa òfin ilé iṣẹ́ ti 2020, tó fàyè gba ẹnì kan ṣoṣo láti forúkọ iléeṣẹ́ aládàáni sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìṣàkóso òṣìṣẹ́ yóò jẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí alágbàṣe fi ń fi oko ẹnì kan sílẹ̀ lọ sí ti ẹlòmíràn. Ní ti ìtajà, ẹ bi àwọn àgbàlagbà nípa àjọ ìjọba tó ń ra kòkó láti 1947 títí tí wọ́n fi fòpin sí i ní 1986, kí wọ́n sọ fún yín ohun tó dára níbẹ̀ àti ohun tó burú: ọjà dájú, wọ́n sì ń yẹ kòkó wò dáadáa, ṣùgbọ́n iye tó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ kéré sí ohun tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Kò sí ìwé tó lè sọ ọ́ yé yín tó ẹni tó wà níbẹ̀.

Bí ẹ óò ṣe gba ọ̀nà náà

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wọlé, ẹ tètè mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Kírédíìtì márùn-ún ni, Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Ẹ̀kọ́ Ọrọ̀ Ajé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nínú ìdánwò JAMB, àwọn mẹ́ta yìí náà lẹ máa ṣe pẹ̀lú ẹyọ kan sí i. Ọmọ tó bá ti pa Ìṣirò tì láti SS1 ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Ibi tí ẹ lè lọ kò jìnnà. Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà ní Àkùngbá-Àkókó, ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Ondo sì ni. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, wà ní Àkúrẹ́ tó sún mọ́ wa, wọ́n sì ń kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso tó bá ìmọ̀ ẹ̀rọ rìn. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tó lè gba ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe Rufus Giwa ní Ọ̀wọ̀ kọjá, kí ó gba OND, kí ó sì wọ ìpele 200 ní yunifásítì lẹ́yìn náà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ọmọ lọ́wọ́, tàbí tí ẹ ti ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ kò lè tì, yunifásítì NOUN wà fún yín: ẹ óò máa kà á nílé bí Awólọ́wọ̀ ṣe kà á, láì fi òwò yín sílẹ̀.

Bí owó ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ dá yín dúró, ẹ béèrè nípa owó ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti NELFUND, tí òfin rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin 2024. Kò ní èlé, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ló wà fún, wọ́n máa ń san owó ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé ẹ̀kọ́, ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrúùlú sì ni sísan rẹ̀ padà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i, nítorí gbèsè ni síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ má ṣe fi ìpele 100 ṣeré. Nínú máàkì márùn-ún tí wọ́n fi ń ṣírò ipò yín, 4.50 ló ń bẹ̀rẹ̀ ipò kìíní, 3.50 sì ni ipò kejì ti òkè. Ẹni tó bá fi ọdún àkọ́kọ́ ṣòfò tó gba 2.00 gbọ́dọ̀ máa gba 4.00 ní ọdún mẹ́ta tó kù kó tó lè dé 3.50. Iṣẹ́ tó le ni. Kòkó tí ènìyàn kò ro igbó ìdí rẹ̀ ní ọdún tó gbìn ín, ọdún kẹrin ni yóò mọ̀.

Ẹ má bá wọn san owó fún máàkì. Ẹ má fi ara yín fún ẹnikẹ́ni nítorí máàkì, bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún òbí yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó ra ìwé ẹ̀rí ìṣàkóso òwò ti ra ohun tí kò lè lò, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá gbé owó ẹlòmíràn lé e lọ́wọ́ ni àṣírí á tú.

Iṣẹ́ ìwádìí yín, ẹ fi Odòde ṣe é

Ní ìpele 400, wọ́n máa ní kí ẹ ṣe ìwádìí kí ẹ sì kọ ọ́ sí ìwé. Púpọ̀ nínú àwọn tó ṣáájú yín ló lọ da ìwé ẹlòmíràn kọ, nípa báǹkì kan ní Èkó tí wọn kò wọnú rẹ̀ rí. Àwọn kan ti ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ ọ́ fún wọn báyìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tó ń dúró de ẹni tó máa ṣe é pọ̀ ní ìlú yìí.

Ẹ wádìí iye tó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ nínú iye tí wọ́n ń ta kòkó ní èbúté Èkó, kí ẹ sì kọ ibi tí ìyókù ń lọ. Ẹ wádìí ìwé owó àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Láti 1935 ni òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti wà ní Nàìjíríà, kòkó sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí àwọn kan dúró títí di òní tí àwọn mìíràn sì fọ́? Ẹ wádìí òfin tí àwọn ará Yúróòpù gbé jáde ní 2023, pé kòkó tí wọ́n máa gbà wọlé gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí ibi tí oko rẹ̀ wà gan-an, kí ó má sì ti inú igbó tí wọ́n gé lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2020 wá. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Ta ni yóò bá àwọn àgbẹ̀ wa ya oko wọn sínú fóònù, tí yóò sì tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀? Iṣẹ́ ajé ńlá wà níbẹ̀ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó mọ ọ̀nà oko.

Bí kòkó kò bá sì wù yín, Òkè Ìdànrè ń wò yín lójú. Láti 2007 ló ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà dá lábàá fún UNESCO gẹ́gẹ́ bí ibi àjogúnbá àgbáyé. Àlejò ń wá, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n sì ń padà sí Àkúrẹ́ lọ sùn. Ẹ ka iye wọn ní oṣù kan. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti jẹun àti ohun tí wọ́n rà. Ẹ kọ iye owó tó kù sí ìlú lẹ́yìn wọn. Ìwádìí bẹ́ẹ̀ yóò wúlò fún àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ tà, fún onílé àlejò àti fún ààfin.

Fún ẹ̀yin òbí, àti fún ọjọ́ iwájú

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ má fi ìwé owó yín pamọ́ fún ọmọ tí ẹ rán lọ kọ́ ìwé owó. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá mọ iye tó wọlé, yóò béèrè owó. Ẹ jẹ́ kí ó mọ iye tó jáde pẹ̀lú, kò ní béèrè lásán. Ẹ má sì sọ pé ọmọbìnrin kò ní ohun tó ń ṣe nídìí òṣùwọ̀n. Obìnrin ló ń di ọ̀pọ̀ nínú ọjà ìlú yìí mú, àwọn ni ẹ̀kọ́ yìí sì máa kọ́kọ́ sanwó fún.

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò ní kí gbogbo yín padà wá ra kòkó. Àwọn kan yóò wọ báǹkì, àwọn kan yóò ṣiṣẹ́ ìjọba, àwọn kan yóò lọ sí òkè òkun. Olóyè Akíntọ́lá Williams gba oyè B.Com. ní 1946, kò dúró síbẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ àkáǹtì títí ó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí chartered accountant ní 1949. Ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àkáǹtì ti ICAN láti ilé ẹ̀kọ́, kí ìwé ẹ̀rí yín má dá nìkan dúró. Ibikíbi tí ẹ bá dé, ẹni tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí bí kílò 1,000 ṣe ń di 951 kò ní gba ìwé èrè tó dára jù láì yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ní ìsinmi àkọ́kọ́ tí ẹ bá wá sílé, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ẹ jókòó ti bàbá tàbí ìyá yín, ẹ kọ gbogbo owó tó wọ oko tàbí ṣọ́ọ̀bù wọn ní ọdún yẹn sí apá kan, ẹ kọ gbogbo èyí tó jáde sí apá kejì, kí ẹ sì sọ èrè tàbí àdánù wọn fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ẹ bá lè ṣe ìyẹn kí ó pé, ẹ ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso òwò. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ padà sí kíláàsì lọ béèrè, nítorí wọn kò tíì kọ́ yín tán.